Ilẹ̀, Koríko àti Ẹran Títà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọlọ́sìn Màlúù Wa

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba gbogbo àkókò wa: kí ló dé tí àwọn tó yá owó ẹgbẹ́ fi ra màlúù kò rí owó náà san tán? Ẹ̀kọ́ oṣù yìí ni ìdáhùn wa. Ẹjọ́ náà kan àwa ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, nítorí àwa la fọwọ́ sí owó náà láìbéèrè bí ilẹ̀ tí màlúù yóò máa jẹ̀ ti tó.

Bó ṣe rí nìyí. Láti ìgbà tí òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 ti ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀, ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù ní láti sé e mọ́ inú ọgbà. Àwọn kan nínú wa, àgbẹ̀ àti Fúlàní, wá pawọ́ pọ̀ ṣe ọgbà kan. Màlúù 14 ni wọ́n kó sínú éékà 20, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ fi dé. Màlúù kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀mùnú koríko tó dùn ni wọ́n ń padà sí lójoojúmọ́, koríko náà kò sì ráyè hù. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún, ilẹ̀ ti pá, Akíntọ́lá-ta-kú tí màlúù kì í fẹ́ fẹnu kàn ló gbalẹ̀, egungun ìhà ẹran sì hàn síta. Alágbàtà dé, ó fojú wọ̀n wọ́n, ó dá iye tí kò tó owó tí wọ́n fi rà wọ́n. Wọ́n tà, kí ni wọn ì bá ṣe? Àwọn onídùúró ló san ìyókù gbèsè, inú wọn kò sì dùn sí wa títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ewé ni koríko fi ń ṣe oúnjẹ, gbòǹgbò ló ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ pa mọ́. Bí màlúù bá já ewé, ohun tó wà nípamọ́ yẹn ni koríko yóò fi hu òmíràn. Bí a bá tún já a kó tó gbádùn, gbòǹgbò á máa kúrú, á sì kú. Ilẹ̀ á le, omi òjò kò ní ráyè wọlé mọ́, ṣe ni yóò máa ṣàn lọ tòun ti ilẹ̀dú. Nítorí náà, ohun tí koríko nílò ni ìsinmi. Ẹ pín pápá sí ọ̀nà 8. Kí màlúù lo ọjọ́ 4 ní apá kan, kí ẹ sì kó wọn bọ́ sí èkejì. Kí wọ́n tó padà sí ti àkọ́kọ́, ó ti sinmi fún ọjọ́ 28. Eèsún tàbí koríko gíínì á ti yọ dáadáa nígbà òjò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ kanlẹ̀: kí èyí tó kù ga tó ọwọ́ tí a nà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Wáyà tí a ó fi pín in wọ́n, àwa náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka àgúnmániyè tí a gbìn sún mọ́ra á di ọgbà fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ ẹran.

Màlúù tó wọn kílò 250 ń jẹ nǹkan bí kílò 25 sí 30 koríko tútù lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn tó wà nínú oúnjẹ yẹn ló ń padà sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn, bí kò bá jẹ́ pé ojú kan ni màlúù ń sùn sí lálaalẹ́. Ẹ máa sún ibùsùn wọn kiri, kódà sórí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbin àgbàdo sí lọ́dún tó ń bọ̀. Yímíyímí àti ekòló á ṣe ìyókù. Ẹ má sì dáná sun pápá, nítorí náítírójìn á bá èéfín lọ, eérú nìkan ló máa kù.

Ti ẹ̀rùn wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni owó wa ti ṣègbé. Pínpín pápá kò lè mú koríko hù láìsí òjò. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ILCA kọ́ àwọn Fúlàní agbègbè Kàdúná láti gbin stylo sínú ọgbà ọ̀tọ̀. Ẹbí ẹ̀wà ni stylo. Ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Wọn á fi í pa mọ́ di ẹ̀rùn, wọn á sì máa jẹ́ kí màlúù wọ inú rẹ̀ fún wákàtí 2 sí 3 péré lójúmọ́. Ẹni tí kò bá ní stylo, kí ó gé koríko kí ó tó gbó, kí ó sá a, kí ó dì í. Èyí tó tún ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí a dín iye màlúù kù. Lórí koríko ìgbẹ́ lásán, éékà 4 sí 5 fún ẹyọ kan la ó máa kà láti ìsinsìnyí kí a tó yá ẹnikẹ́ni lówó.

Ó ku títà. Àwọn bàbá wa tó ń ta kòkó mọ̀ pé òṣùwọ̀n lẹgbẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Màlúù náà ní òṣùwọ̀n, téèpù télọ̀ sì tó fún un. Ẹ wọn àyà rẹ̀ yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ sì wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìwọ̀n àyà pọ̀ ara rẹ̀, ẹ fi gígùn pọ̀ ọ́n, kí ẹ fi 10,840 pín in. Bí àyà bá jẹ́ 150, tí gígùn jẹ́ 120, ó jẹ́ nǹkan bí kílò 249. (Ibi 150 yìí ni téèpù télọ̀ ń parí sí, bí màlúù bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó na okùn náà sórí téèpù.) Ẹran tòun teegun tí ẹ ó rí á tó bí ìdajì rẹ̀, bíi kílò 120. Orí, ẹsẹ̀, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti pọ̀nmọ́ kò sí nínú ìyẹn.

A lè pín kílò 120 fún ènìyàn 20, kí oníkálukú gba 6. Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ti ń dáwó ra màlúù pín lọ́dún Kérésì. Kí a máa ṣe é nílé wa, kí a sì gba owó ṣáájú. Ìparí òjò ni màlúù tó ń jẹ koríko ń sanra jù, Kérésì sì sún mọ́ ọn. Ti Iléyá, nínú èyí tí ènìyàn 7 lè pa màlúù kan pọ̀, ń yí kiri ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, nígbà tí ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nínú ìyà ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ń fojú sí Iléyá, kó yáa ní stylo.

Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà pé ọ̀rá ẹran yìí á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Koríko ló fà á, kì í ṣe pé ẹran bàjẹ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n sè é pẹ́. Ẹ má sọ pé oògùn ni o. Odò ẹran ni kí a ti pa á, kí dòkítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò láàyè, kí ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn pípa.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun wọn pápá àti màlúù, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Kí ó mú téèpù dání, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní.