Bí A Ṣe Ń Ka Panchang, Kàlẹ́ńdà Ojoojúmọ́ Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Panchang ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ. Ẹ mú ẹ̀dà ọdún yìí kan àti pẹ́ńsù, kí á jọ ṣí i.

1. Ìlú tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún ni kí á kọ́kọ́ wò. Ti Varanasi kò lè bá ti Chennai mu, nítorí oòrùn kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà níbi méjèèjì.

2. Ẹ fàlà sábẹ́ aago tí oòrùn yọ. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago méjìlá òru. Ọmọ tí wọ́n bí ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ọjọ́ Ajé ni lọ́dọ̀ wọn.

3. Ó kan tithi, ẹ jẹ́ kí á rọra ṣe é, torí ibí ló ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn ní kókó. Bí òṣùpá bá ti fi dígírì 12 síwájú oòrùn, tithi kan pé. Oṣù òṣùpá kan ní 30: 15 fún Shukla, nígbà tí òṣùpá ń kún, 15 fún Krishna, nígbà tó ń dínkù. Ìrìn òṣùpá a máa yá, a sì máa falẹ̀, nítorí náà tithi kan lè gba nǹkan bíi wákàtí 19, òmíràn 26. Èyí tó wà nílẹ̀ nígbà tí oòrùn yọ ló ni ọjọ́ náà. Bí oòrùn bá yọ ní 6:02, tí tithi karùn-ún sì parí ní 7:10, karùn-ún la ó pe ọjọ́ náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fo nọ́ńbà kan, ẹ má bẹ̀rù, ìwé kò ṣì: tithi náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn yọ, ó sì parí kó tó tún yọ. Àjọ̀dún mìíràn ní àkókò tirẹ̀: ìrọ̀lẹ́ ni ti Diwali, òru ni ti Janmashtami.

4. Nakshatra ni ibùwọ̀ òṣùpá lójú ọ̀run. 27 ni wọ́n, òṣùpá a sì máa lo nǹkan bí ọjọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó parí.

5. Karana jẹ́ ìdajì tithi. Yoga wà níbẹ̀ pẹ̀lú; ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná.

6. Bí ìwé yín bá ń fi ghati ka àkókò, ìṣẹ́jú 24 ni ọ̀kan, 60 ló wà nínú ọjọ́ kan. Láyé àtijọ́, abọ́ bàbà tó ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí ni wọ́n ń gbé sójú omi. Bó bá rì, ghati kan ti lọ. Láti ìgbà tí oòrùn yọ la ti ń kà á: ghati 10 jẹ́ wákàtí mẹ́rin, 6:02 wa yóò di 10:02.

7. Fún Rahu Kala, àkókò tí wọn kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun tuntun, ẹ pín ojúmọmọ sí mẹ́jọ. Ìpín kejì ni ti ọjọ́ Ajé. Bí oòrùn bá yọ ní 6:00, tó sì wọ̀ ní 6:00, 7:30 sí 9:00 ni. Ìpín keje ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣírò ìyẹn fúnra yín, pẹ̀lú aago oòrùn ìlú tí ẹ fàlà sí.