Basi àti Ìjàpá: Ẹ̀kọ́ láti inú eré tẹlifíṣàn kan tí ó tètè kógbá wọlé

 

Kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́ wa, n ó jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Títí tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èrò mi ni pé ẹ̀dá inú àlọ́ Yorùbá ni Basi, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá àti Yánníbo. Kàdúná ni a ń gbé. Ní alẹ́, bí iná mànàmáná bá ti lọ, màmá mi a máa pe àwa ọmọ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn á ní, "Àlọ́ o!" Àwa náà á dáhùn pé, "Àlọ̀!" Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìjàpá ni yóò lọ sí ilé àna rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Basi ni yóò máa sá pamọ́ fún Ìyá Onílé nítorí owó ilé. Kò sí ìyàtọ̀ lójú wa. Ẹnu kan náà ni àlọ́ méjèèjì ti ń jáde, ẹ̀rín kan náà ni a sì ń rín sí wọn. Ọjọ́ tí mo dárúkọ Basi níwájú bàbá mi ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì sọ fún mi pé eré tẹlifíṣàn ni, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, àti pé ẹni tí ó kọ ọ́ kì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ṣe ẹ̀kọ́ lónìí nìyẹn. Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀. Kí ni ó mú kí ó rọrùn fún màmá mi láti sọ Basi di àlọ́? Kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ inú eré náà nígbà tí eré kúrò lórí afẹ́fẹ́?

IRÚ ERÉ WO NI?

Orúkọ eré náà ni Basi and Company. Ken Saro-Wiwa ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì gbé e jáde. Ọmọ Ogoni ni, a bí i ní ọdún 1941, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọjọ́ pẹ́ tí Basi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alali ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí inú eré kúkúrú kan tí ó ń jẹ́ The Transistor Radio ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde, èyí tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò ní àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1986 ni NTA bẹ̀rẹ̀ sí í fi Basi and Company hàn káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 1990, ó parí. Ọdún mẹ́rin péré! Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó gbóná, àwọn oníròyìn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń wò ó.

Ìlú Èkó ni ibùdó-ìtàn, ní òpópónà kan tí wọ́n pè ní Adetola Street. Ọlá wà nínú orúkọ òpópónà náà, ṣùgbọ́n kò sí ọlá nínú yàrá Basi. Yàrá kan ṣoṣo ni, gbèsè owó ilé sì kún ọrùn ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Albert Egbe ni ó kọ́kọ́ ṣe Basi. Ẹ̀wù pupa alápá péńpé ni ó máa ń wọ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sára rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tí ó ń wí ni pé bí o bá fẹ́ di olówó mílíọ̀nù, máa ronú bí olówó mílíọ̀nù. Alali ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ebi kì í tán lára rẹ̀. Madam ni onílé, obìnrin agbéraga tí ó ń ṣe ẹgbẹ́ olówó dọ́là, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í parí sí "ọ̀rọ̀ owó ni" lẹ́nu rẹ̀. Aso Ikpo Douglas ni ó ṣe é. Dandy ni ó ní ilé ọtí, Josco ni olè kékeré tí ó máa ń jókòó síbẹ̀. Segi sì ni ọmọge ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí orúkọ rẹ̀ mú etí ọmọ Yorùbá rántí ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi.

Eré náà ṣàjèjì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lákòókò yẹn, àwàdà orí tẹlifíṣàn tí ó bá fẹ́ pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín sábà máa ń fi pijin tàbí Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru ṣe é. Saro-Wiwa kọ̀ jálẹ̀. Ó mú kí àwọn aláìníṣẹ́ inú yàrá kan ṣoṣo máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán bí ẹni pé wọ́n wà ní kóòtù. Èyí gan-an ló ń pani lẹ́rìn-ín: ọ̀rọ̀ ń dán, ìkòkò ọbẹ̀ ṣófo.

Màmá mi sọ pé inú agboolé tí àwọn gbé nígbà náà, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni ó wà, ti dúdú-àti-funfun. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Tiv, gbogbo wọn ni wọ́n á jókòó sídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tí eré náà fi èdè rẹ̀ ṣe, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni ín. Bí eré bá parí, kálukú á lọ sí yàrá rẹ̀ láti lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà ní èdè abínibí. Ibẹ̀ ni màmá mi ti kọ́ bí a ṣe ń fi Yorùbá sọ Basi.

BASI ÀTI ÌJÀPÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àwọn méjèèjì wéra. Ohun méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Èkíní ni ìfìwàwẹ̀dá. Ta ni Ìjàpá? Ọ̀lẹ ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, wọ̀bìà ni, olè sì ni. Basi kò kó gbogbo èyí pọ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àti ọ̀lẹ ni ó mú níbẹ̀. Alali ni wọ̀bìà, Josco ni olè, Madam ni ojúkòkòrò. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé Saro-Wiwa gé Ìjàpá sí wẹ́wẹ́, ó sì pín in fún gbogbo òpópónà. Nínú àlọ́ tiwa, Ìjàpá nìkan ni ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́. Àwọn tí ó ń rẹ́ jẹ, bí àna rẹ̀ tàbí Ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa ń jẹ́ ọmọlúàbí tàbí ẹni tí ó kàn gbọ́kàn lé e. Ní Adetola Street, ṣàṣà ni ẹni tí Basi lè rẹ́ jẹ tí òun náà kò máa wá ẹni tí yóò rẹ́ jẹ. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti di Ìjàpá, ta ni yóò jẹ́ àna?

Èkejì ni àhunpọ̀-ìtàn. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tí ó lọ kí àna rẹ̀. Ó rí àsáró gbígbóná lórí iná, ojú rẹ̀ kò gbà á, ó bu ú sínú fìlà, ó sì dé e mórí. Ó ní òun ń lọ. Àna rẹ̀ ní kí àwọn sin ín sọ́nà díẹ̀. Bí wọ́n ti ń rìn ni àsáró ń jó o lórí, tí ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà, títí tí àṣírí fi tú. Láti ọjọ́ náà ni orí Ìjàpá ti pá. Ìlànà Basi kò yàtọ̀. Àìní ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ète yóò tẹ̀ lé e, owó yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ète yóò fọ́, yóò sì padà sí yàrá tí ó ti wá, Madam yóò sì tún máa kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Àpá wà lórí Ìjàpá. Ẹni tí ó bá rí ahun lónìí rí ẹ̀rí. Basi kò ní àpá. Bí ọ̀sẹ̀ mìíràn bá dé, ẹ̀wù pupa náà ni yóò tún wọ̀, ọ̀rọ̀ àyà rẹ̀ kò sì yí padà. Ìṣubú rẹ̀ nínú eré nìkan ni àpá tí ó ní.

Kì í ṣe màmá mi nìkan ni ó rí àlọ́ nínú Basi. Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ó sọ eré náà di ìwé ìtàn ní 1987, ó fi kún orúkọ rẹ̀ pé àlọ́ Áfíríkà ti òde òní ni. Ní 1991, ó tẹ àlọ́ àwọn Ogoni jáde nínú The Singing Anthill. Àwa tí a dàgbà láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn sì mọ̀ pé Ìjàpá kì í ṣe tiwa nìkan. Mbe ni àwọn Ìgbò ń pè é. Ní ti Haúsá, aláǹtakùn ni, Gizo ni orúkọ rẹ̀. Bí àjèjì bá wọ ilé wa tí ó sì mọ ibi tí àga wà, bóyá mọ̀lẹ́bí ni.

OHUN TÍ Ó BỌ́ SỌNÙ

Ọdún tí eré náà bẹ̀rẹ̀, 1986, ni ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ọjà gbówó lórí, àwọn tí ó kàwé jáde ń wá iṣẹ́ kiri. Àwọn tí ó rò pé owó lè wá láìsí iṣẹ́ ni Saro-Wiwa fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀wù Basi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí eré tó parí, wọn yóò rí ibi tí ìrònú olówó mílíọ̀nù gbé ẹni tí ó ń rò ó dé.

Ní ọdún kejì mi níbí, akẹ́gbẹ́ mi kan lẹ ọ̀rọ̀ yìí gan-an mọ́ ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọ̀rọ̀ Basi!" Ó wò mí, kò mọ ẹni tí ń jẹ́ Basi. Ó ní olówó ńlá kan ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́. N kò bá a jiyàn. Láàárín sáà náà, ó kó owó ilé-ìwé rẹ̀ sínú ètò kan tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Owó lọ. Kò jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú wa. Títí di òní, mo máa ń rò ó pé ǹ bá ti sọ ìyókù ìtàn náà fún un lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan lè wí pé ẹni tí ń wo eré kì í ṣe ọmọdé, pé kò nílò àgbà tí yóò sọ fún un pé "ìtàn yìí kọ́ wa pé." Mo gbà fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí eré náà bá ń lọ lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ni ìṣubú ń tẹ̀ lé ìfọ́nnu. Ṣùgbọ́n eré dúró ní 1990. Èmi fúnra mi kò tíì rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ìfọ́nnu jẹ́ gbólóhùn kan, ó rọrùn láti rántí. Ìṣubú gba ààbọ̀ wákàtí. Nítorí náà ìfọ́nnu ni ó kù nílẹ̀, ìṣubú ti bá eré lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwúrí.

Ohun tí màmá mi ṣe tí tẹlifíṣàn kò ṣe nìyí. Ní ìparí gbogbo àlọ́ Basi, wọn á bi wá léèrè pé, "Ṣé Basi san owó ilé?" Àwa á ní, "Rárá o!" Wọn á ní, "Alali ńkọ́, kí ló jẹ sùn?" Àwa á ní, "Kò jẹ nǹkan kan!" Ìbéèrè méjì yìí ni àpá tí wọ́n fi sí Basi lórí.

Ohun kan kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá gbọ́ orúkọ Saro-Wiwa, ikú rẹ̀ nìkan ni a mọ̀: pé ó gbé ìjà ilẹ̀ àti epo àwọn Ogoni, pé ìjọba Abacha so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1995. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí a mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí apàlọ́ tí ó mú kí gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín pọ̀.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i pé Basi jẹ́ Ìjàpá tí ó wọ aṣọ ìlú ńlá, pé Saro-Wiwa pín ìwà Ìjàpá fún odindi òpópónà, àti pé ẹ̀fẹ̀ tí ó bá pàdánù ìparí rẹ̀ lè di ohun tí ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí a bá lọ ìsinmi, kí olúkúlùkù wa bi àwọn òbí rẹ̀ tàbí aládùúgbò ní eré Basi kan tí wọ́n rántí, kí ó sì wá fi Yorùbá pa á lálọ̀ọ́ fún wa ní ìpàdé. Ẹ má ṣe gbàgbé ìparí rẹ̀ o.

Ìbéèrè fún àṣàrò:

1. Mú àlọ́ Ìjàpá kan tí o mọ̀. Àpá wo ni ó fi sílẹ̀ lára Ìjàpá tàbí lára ayé?

2. Ṣé eré Basi ìbá ti dùn tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é? Sọ ìdí rẹ.

3. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ wo ni o mọ̀ tí àwọn ènìyàn ti sọ di òtítọ́? Sọ ibi tí ó ti wá, kí o sì sọ ìyókù ìtàn rẹ̀.