Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Lè Bá Ọ Gbọ́ Tán

Ọmọ mi, àwa àgbà Ẹ̀sà-Òkè mọ ẹjọ́ dá ju kí a mọ̀ ọ́n gbọ́ lọ. Ọmọ kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí a ó ti pòwe lé e lórí, tí a ó sì ní kó máa lọ, Ọlọ́run á ṣe é. Ìyẹn dára bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti àfẹ́sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti dá lójú rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí oúnjẹ kò wù ọ́ jẹ, tí ìwé kò wọlé mọ́, èmi kọ́ ni kí o wá bá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni mí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan bàbá rẹ ńkọ́, ibo ni n ó dúró sí? Agbaninímọ̀ràn tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí o lọ rí.

Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́ pé wèrè ló ń lọ bá agbaninímọ̀ràn. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Ábẹ́òkúta: dípò kí wọ́n kàn máa ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó ní kí wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, kí ẹbí wọn kan bá wọn gbé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ bá agbaninímọ̀ràn kò ní àìsàn ọpọlọ rárá. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n, tàbí ìdánwò já wọn kulẹ̀, tàbí ìfẹ́ dà wọ́n.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa pọ̀ jù. Wàá kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Agbaninímọ̀ràn náà yóò bi ọ́ nípa ilé, nípa oorun, nípa ọtí, nípa oògùn tí o ń lò. Ó lè bi ọ́ bóyá o ti ronú àtikú rí. Má bínú, àwọn mìíràn náà ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà bèèrè tìrẹ: èló ni, ìgbà mélòó ni n ó máa wá, ta ló máa gbọ́ ohun tí mo bá sọ? Yóò sọ fún ọ pé àṣírí rẹ kò ní jáde, àfi bí ẹ̀mí rẹ bá wà nínú ewu, bí o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọmọdé.

Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu ni pé kò ní dájọ́. O lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, kó máà sọ ohun tó pọ̀ ju "lẹ́yìn náà ńkọ́?" lọ. Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Kò ní kọ oògùn fún ọ. Bó bá rí i pé oògùn yẹ, yóò darí rẹ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ó lè fún ọ níṣẹ́ ṣe délé, bíi kí o máa kọ ohun tó ń bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ àti ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ìwà ọmọlúàbí wa ti lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ kí i bó bá jẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá bi ọ́ pé báwo ni nǹkan, má ṣe dáhùn pé "a dúpẹ́." Bó bá sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, má ṣe wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" torí ọ̀wọ̀. Sọ pé, "Ẹ má bínú mà, kò rí bẹ́ẹ̀." Ọ̀wọ̀ kò dín, iṣẹ́ sì ń tẹ̀síwájú.

Ó lè jẹ́ pé bí o bá ti ibẹ̀ dé, ara rẹ á wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Má sá. Ìbànújẹ́ dà bí òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́ tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ajigbèsè: bí o bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde lónìí, wàá bá a níbẹ̀ lọ́la. Jókòó tì í, kí ẹ jọ ṣírò gbèsè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ọkàn rẹ kò gba onítọ̀hún, wá ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìwà àbùkù. Bó bá jẹ́ ìwàásù ló ń ṣe fún ọ, tàbí tó ń fọwọ́ kàn ọ́ lọ́nà tí kò tọ́, má padà síbẹ̀ mọ́, kí o sì wí fún wa.

Máa gbàdúrà rẹ lọ; àdúrà kò ní kí o má lọ rí agbaninímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ikú bá ń pè ọ́ lóru, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Jí wa. A ó gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.

Bí o kò bá mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, tàbí kí o wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìlú wa kéré. Wọ́n á bi ọ́ níbùdókọ̀ pé níbo lò ń lọ. Sọ pé Iléṣà. Ìyẹn tó wọn.