Ọjọ́ Mẹ́rin ní Etíkun Pọ́túgàl
Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù lèmi àtìyàwó mi ń gbé. A fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Algarve ní Pọ́túgàl. Báwo la ṣe máa ṣètò owó?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, físà Schengen ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó sí: 90 yúrò lórí ẹnì kan. Bí wọn ò bá fún yín, owó ti lọ nìyẹn.

Lóṣù Keje àti Ìkẹjọ, ilé ìtura níbẹ̀ wọ́n bí ojú; oṣù Karùn-ún ni kẹ́ ẹ lọ. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti ìlú Faro dé ìlú Lagos níbẹ̀ (kì í ṣe Èkó o!), ẹ fi takisí sílẹ̀. Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín nílé oúnjẹ kì í ṣe sàráà: ẹ jẹ ẹ́, ẹ san án. Bẹ́ ẹ bá ń fi káàdì sanwó, tí ẹ̀rọ ìgbowó ní kẹ́ ẹ san án ní pọ́n-ùn, yúrò ni kẹ́ ẹ mú.