Okùn Agbéró Sẹ́ẹ̀lì àti Ẹnubodè Núkílíọ̀sì

Ìfáàrà
Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilé itọ́. Purotéènì tí ó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbé e ró. Bí a bá pe okùn wọ̀nyí ní ‘egungun sẹ́ẹ̀lì’, a kò ṣì í tán, ṣùgbọ́n orúkọ náà lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Egungun a máa dúró gbagidi. Okùn sẹ́ẹ̀lì ń tú, ó ń tún ara rẹ̀ hun, ó sì ń fa nǹkan. Fífà yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ẹnubodè Núkílíọ̀sì
Núkílíọ̀sì ni ààfin sẹ́ẹ̀lì; ibẹ̀ ni àbùdá àjogúnbá wà. Awọ méjì ni ó yí i ká, ihò sì wà lára awọ náà bí ẹnubodè ìlú olódi. Èròjà kékeré ń gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀. Èyí tí ó tóbi kò lè dá kọjá. Ó di dandan kí afinimọ̀nà, bí irú purotéènì tí a ń pè ní importin, sìn ín wọlé.

Ipa Okùn Agbéró
Purotéènì nesprin àti SUN ni ó so okùn actin mọ́ núkílíọ̀sì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wà lórí ohun tí ó le, okùn yóò fà gan-an, núkílíọ̀sì yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò ara awọ rẹ̀ yóò sì fẹ̀ sí i. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tí Pere Roca-Cusachs kó sòdí ní ìlú Barcelona fi hàn pé ọ̀nà yìí ni YAP, purotéènì tí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, fi ń rí ààyè wọlé. Ní 2022, wọ́n tún fi hàn pé ipá náà kò kan gbogbo èròjà bákan náà. Bí èròjà ṣe tóbi tó àti ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni ó ń pinnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera. Kókó jẹjẹrẹ ọyàn sábà máa ń le ju ẹran ara tí ó yí i ká lọ. Líle náà kì í ṣe àmì àìsàn nìkan. Ó lè máa ran àìsàn náà lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tí ó bá kọ́ ‘egungun’ nìkan yóò mọ ohun tí ó gbé sẹ́ẹ̀lì dúró, kò ní mọ ohun tí ó ń fa ilẹ̀kùn ààfin. ‘Okùn agbéró’ gbé iṣẹ́ méjèèjì yọ. Ó yẹ kí olùkọ́ yẹ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.