Ọ̀jọ̀gbọ́n Wa Ń Béèrè Lábù, Ẹ̀rù Ń Bà Wá

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń dá yunifásítì aládàáni kan sílẹ̀ nítòsí Ìbàdàn. A rí ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì kan, ẹni ọdún 58, tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì ìjọba wá sọ́dọ̀ wa. Kàkà kó gba iye tá a dárúkọ, ìbéèrè ló kọ ránṣẹ́, ojú ìwé méjì gbáko: ta ni yóò máa tọ́jú lábù, iná ńkọ́, kọ́ọ̀sì mélòó ni òun yóò máa kọ́? Alága wa ní olójúkòkòrò ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá ná an mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò bínú. Bí a bá sì gba gbogbo rẹ̀, owó wa ò ní ká a. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò ní í wá kì í béèrè ẹni tí yóò máa fọ ìgò lábù. Ọkàn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti wà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀. Láti 2012 ni òfin ti gba ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ìjọba láyè láti ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé ẹni 70 ọdún. Ọdún 12 tó dájú ló fẹ́ fi sílẹ̀ wá síbi tí kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí alága gbọ́ èyí kó tó tún bú u.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà béèrè. Nígbà tí wọ́n ń dá Yunifásítì Johns Hopkins sílẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1876, James Joseph Sylvester, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 5,000 dọ́là lọ́dún lòun yóò gbà, kí wọ́n sì fi wúrà san án. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n fẹnu kò, ó sì wá. Ní ti Henry Rowland, ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì, Gilman tó jẹ́ ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ náà mú un lọ sí Yúróòpù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, irinṣẹ́ ni wọ́n sì rà bọ̀. Rowland yìí ló wá ṣe ẹ̀rọ tó ń fa ìlà tín-ín-tìn-tín sára irin, irin tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ló lò ó.

Ojúkòkòrò kọ́ ni ìbéèrè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́tà dá a lóhùn. Ẹ pè é wá, kẹ́ ẹ jọ wọ inú lábù náà, kí akápò yín wà níbẹ̀. Omi, iná tó ṣeé fọkàn tán, òṣìṣẹ́ lábù (ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ àti kẹ́míkà), àti àpótí tó ń fa èéfín olóró jáde, ẹ má ná ìwọ̀nyí rárá, ẹ̀mí àwọn ọmọ ló wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá lè dúró. Ìgò, òṣùwọ̀n àti kẹ́míkà tó tó ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń lò. Bó bá jẹ́ ọdún kẹta lẹ máa ra ẹ̀rọ náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun a máa sọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo di olórí ẹ̀ka, alága ìgbìmọ̀ mẹ́rin àti olùkọ́ gbogbo kíláàsì, ìwádìí rẹ̀ a sì kú síbẹ̀. Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i. Iye kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì. Nínú òfin 2014, ó kéré tán, ẹ̀yin yóò dá ìdá 10 nínú 100, òun yóò dá 8, lára owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ NUC (àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì) kó tó buwọ́ lùwé.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń ba tọ̀tún-tòsì, ẹ béèrè bóyá ó ní sàbátíkà (ọdún kan tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún olùkọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn). Kó fi ọdún náà wò yín, kẹ́yin náà wò ó. Ṣùgbọ́n iye owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, láìbù, láìfi kún un, ẹ sọ ọ́ fún un kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.