Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Yín Bá Ń Gba Simió

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí attiéké yẹn dúró dè yín díẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin tó ń bá yín di páálí ní iléeṣẹ́ òdìkejì yìí máa bẹ̀rẹ̀ simió, oògùn tí wọ́n ń gún láti pa jẹjẹrẹ, lọ́jọ́ Ajé, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn. Mo sì gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó jọ láti fi ra àgbo fún un lọ́wọ́ ọkùnrin tó máa ń polówó nínú ọkọ̀ gbaka. Ìfẹ́ tó mú yín dáwó wú mi lórí. Àgbo yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìyá olóúnjẹ Zone industrielle lẹ mọ̀ mí sí. Púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé àìsàn yìí kan náà ti bá mi jà rí. Ìyá Ìbejì, tí a jọ kúrò ní Èjìgbò wá sí Abidjan níbí, ni Ọlọ́run lò fún mi. Aago márùn-ún ìdájí ló ti máa ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Siporex ká jọ lọ sílé ìwòsàn. Faransé ọjà ni tèmi, dókítà sì ń sọ tirẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ìyá Ìbejì a mú ọmọ rẹ̀ tó kàwé dání, ọmọ náà a máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, a sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi ká tó délé.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, òórùn dòdò tí mo ti ń dín láti ìgbà èwe mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì mí. Ìyá Ìbejì bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá mo lè mu atalẹ̀, ìyẹn ní díẹ̀díẹ̀ ni kí n mu ún. Ó se é fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe ńyamakují aláta tí a ń tà lójú pópó, ó sì rọ ọ́ sínú fláàsì. Ó fúyẹ́ lára mi. Nígbà tí ṣíbí irin ń korò bí idẹ lẹ́nu mi, ó ra ti rọ́bà. Nígbà tí ẹnu mi bó, omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń yọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ara mi gbóná lóru. Gbogbo agboolé ní palu, ìyẹn ibà, ni, ẹnìkan sì ti gbé àgbo ibà kaná. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá Ìbejì fi tẹmómítà sí mi lábíyá, ó rí 38.5, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó lọ pe takisí. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mi tó ń gbèjà ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fa oògùn sí mi lára. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn náà, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì máa ń kéré jù. Ká ní mo mu àgbo yẹn, tí mo fi aṣọ bora sùn, bóyá kì í ṣe èmi ló ń ta oúnjẹ fún yín lónìí.

Mi ò pe ewé ní nǹkan yẹpẹrẹ. Òdòdó kékeré aláwọ̀ osùn kan wà tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ilé níbí, tó wá láti Madagascar. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vinblastine àti vincristine ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, méjèèjì sì jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ títí dòní. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gún un. Májèlé ni lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n. Ta ló wọn ti inú gbaka? Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń gbé simió náà ló máa gbé e, ewé mìíràn sì wà tó ń sọ simió di aláìlágbára. Dókítà kò lè mọ̀ bí ẹ bá fi pamọ́ fún un.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé onítọ̀hún lè torí àgbo fi ìtọ́jú sílẹ̀. Ní 2018, àwọn oníwádìí Yale ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó fi ìwòsàn tí kì í ṣe ti dókítà kún ìtọ́jú wọn ló ń kọ iṣẹ́ abẹ, simió tàbí ìtànṣán jù, ewu ikú wọn sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìtọ́jú ọ̀hún kò sì jìnnà mọ́. Kó tó di ọdún náà, ẹni tó bá nílò ìtànṣán ní Abidjan ń wá a lọ sí Morocco tàbí Gánà. Ní báyìí, ẹ̀rọ ìtànṣán ti wà ní Cocody, ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n fi orúkọ Alassane Ouattara pè.

Nítorí náà, ẹ fi owó yẹn ṣe owó takisí rẹ̀ àti owó ẹja. Kí ẹni tó gbọ́ Faransé jù nínú yín tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ajé, kó mú ìwé àti bírò dání. Kí ẹni tó ń gbé nítòsí rẹ̀ máa tan fóònù sílẹ̀ lóru. Tẹmómítà mi ṣì wà nípamọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀kan nínú yín yà gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹ bá jáde níṣẹ́.